Kẹ̀kẹ́ Bàbá Ládàánì

Nígbà tí ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí àdúgbò wọn ní Ìbàfò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ aago tó ń pe ìrun fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Rasheedah. Bàbá rẹ̀ ni ládàánì mọ́sáláṣí ọ̀hún. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń rí i tí Bàbá Bùrẹ́ímọ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ jáde nílé, fìlà lórí, tẹ̀sùbáà lọ́rùn ọwọ́, tó ń lọ pe àwọn èèyàn wá kírun. Àwọn tó pe ìrun fún nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ àpọ́n ti di bàbá àgbà. Aago oníbátìrì, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri, ni wọ́n wá fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, torí wọ́n ní aago kì í pẹ́ lẹ́yìn.

Alhaji Uthman, alága ìgbìmọ̀, ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Ká sọ òótọ́, èèyàn jẹ́jẹ́ ni Alhaji, kì í fẹ́ sọ ohun tó máa dun ọmọlàkejì. Ó béèrè àlàáfíà ilé, ó béèrè orúnkún Bàbá, ó tún béèrè orúnkún náà lẹ́ẹ̀kejì, kó tó wá sọ ohun tó bá wá.

"Bàbá Ládàánì, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ìrun Àìlà ọ̀sán ni wàhálà wa. Ẹ̀ ń pẹ́, sà. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń pẹ́. Bí mo bá ti wo aago ọwọ́ mi báyìí, ara mi kì í balẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ìrun. Ẹ jẹ́ ká rí i kẹ́ ẹ dé lásìkò, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kó tó di ìgbà yẹn, èmi fúnra mi ni máa ní kí wọ́n gbàgbé aago. Tí kò bá wá ṣeé ṣe, ẹ ó máa wá jókòó ní sáàfù iwájú bí àgbà, kẹ́ ẹ sinmi."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sìn ín dé ẹnu géètì, ó padà wọlé, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ. Ìyẹn ló mú kí Hàfísátù, ìyá Rasheedah, gbé fóònù pe ọmọ rẹ̀ ní Mòwé.

"Bàbá ẹ ò jẹun o. Ògiri ló kàn ń wò. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló fẹ́ gbé aago náà kọ́, kó yáa sọ fún mi."

Létí títì márosẹ̀ ní Mòwé ni Rasheedah ti ń so iná sólà àti ínfátà fún àwọn oníbàárà. Ìyá Sólà ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bí ẹnikẹ́ni. Obìnrin tí kì í gbà kí wáyà borí òun ni. Bí iná kan bá kọ̀ tí kò tàn, kì í rí oorun sùn. Àpótí kan ti wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo bátìrì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ níbi tí pẹ́dà wà, tó máa ń bá ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ yí ṣéènì. Orúnkún bàbá rẹ̀ ló tìtorí ẹ̀ rà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi han Bàbá, Bàbá ní òun ò gbà kí ohunkóhun máa ti òun lẹ́yìn lọ sí mọ́sáláṣí.

Kì í ṣe pé wọn ò tíì gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Rasheedah ti bá ọlọ́kadà kan ṣàdéhùn rí pé kó máa gbé Bàbá lọ, kó máa gbé e bọ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá fi kọ̀ ọ́. "Ó gbé mi kọjá níwájú Ìyá Eléédú bí ẹní gbé àpò sìmẹ́ńtì," ló wí, inú ń bí i gidi. "Mi ò ráyè kí wọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń bi mí pé kí làwọn fi ṣe mí." Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà parí síbẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Rasheedah ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbé àpótí wọ ọkọ̀, ó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀, ó wá sí Ìbàfò. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, orí ìkúnlẹ̀ náà ló sì wà tó ti nawọ́ mú spánà.

"Àjíbíkẹ́," ni Bàbá wí. Orúkọ tó máa ń pè é nìyẹn nígbà tó bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Má bà mí ní kẹ̀kẹ́ jẹ́ o."

"Baami, ṣebí ilé alájà lèmi ń so iná sí. Ṣé kẹ̀kẹ́ ló máa wá bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

"Ilé kì í rìn. Èyí, orí ẹ̀ ni mo máa wà."

Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó yọ ṣéènì. Ọ̀pá irin tó so pẹ́dà ọ̀tún mọ́ tòsì ni iṣẹ́ ti le. Pínnì tó dì í mú ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti ra kẹ̀kẹ́ náà, ó ti dógùn-ún, ó ti di ara kan náà pẹ̀lú irin. Rasheedah da kẹrosíìnì sí i, ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, ó fi òòlù gbá a, kò mira. Ó tún da kẹrosíìnì sí i. Ní gbogbo àsìkò yìí Bàbá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú gírígírí, ó ń rọra bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí pínnì fò jáde, bàbá àtọmọ jọ ní "Alhamdulillah" lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó fa ọ̀pá náà yọ, àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú ihò rẹ̀ dà sílẹ̀ pẹ̀lú gírísì tó ti dúdú bí ọ̀dà. Rasheedah nu ihò náà mọ́ tónítóní, ó ti ẹ́ńjìnnì bọ̀ ọ́ láti apá ọ̀tún, ó sì fi nọ́ọ̀tì ńlá rẹ̀ dè é láti apá òsì. Ó dè é, ó tún dè é, torí ó mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń mì nínú ihò yẹn, irin kẹ̀kẹ́ ló máa jẹ. Pẹ́dà padà sí àyè rẹ̀, ṣéènì padà sórí eyín.

Wáyà ló wá kù, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ Rasheedah ti máa ń yá jù. Ó de bátìrì mọ́ irin tó gba àárín kẹ̀kẹ́ lọ sísàlẹ̀. Ó so mágnẹ́ẹ̀tì kékeré mọ́ sípóòkù ẹ̀yìn, kí ẹ́ńjìnnì lè mọ bí táyà ṣe ń yára yí sí. Ó gbé ojú kékeré tó ń fi agbára bátìrì hàn sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀ àti ọfà kékeré lára. Ọfà gbọ́dọ̀ kojú ọfà kí èèyàn tó tì í wọlé, torí ẹni tó bá fipá yí i máa ṣẹ́ irin tín-tìn-tín inú rẹ̀. Pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ti bátìrì ló ṣe kẹ́yìn. Ó wá fi okùn ọ̀rá so gbogbo wọn mọ́ ara irin, kí wọ́n má baà há sí Bàbá lẹ́sẹ̀.

Bírékì àtijọ́ tó jẹ́ ọ̀pá irin gbọọrọ kò bá ẹ̀rọ tuntun lọ. Ó tú u, ó fi bírékì tó bá ẹ́ńjìnnì wá rọ́pò rẹ̀. Bírékì yìí ní wáyà iná nínú: bí ìka bá ti kàn án báyìí, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́, kó má baà máa ti èèyàn lọ nígbà tó bá fẹ́ dúró. Rasheedah ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá yékéyéké.

"Tẹ́ ẹ bá tẹ bírékì, ó máa dákẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, tẹ́ ẹ wa pẹ́dà, ó máa jí padà."

"Mo ti gbọ́. Bírékì, dákẹ́. Pẹ́dà, jí."

Wọ́n fi okùn gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, Rasheedah fọwọ́ yí pẹ́dà, táyà ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń kùn hùn-ùn-ùn. Hàfísátù jáde ní ilé ìdáná, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé nǹkan tó máa gbé ọkọ mi lọ rèé?" ló béèrè. Bàbá ti gun kẹ̀kẹ́, ó ti ń yí agbo ilé ká, jalamíà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Láti ìgbà tí orúnkún yẹn ti bẹ̀rẹ̀, Rasheedah ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní gírísì ló kó sí òun lójú.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá pẹ́ dé mọ́sáláṣí ju bó ṣe ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ó ń kú," ni Bàbá wí nígbà tí Rasheedah pè é.

"Níbo ló ti ń kú?"

"Níwájú ilé àwọn èèyàn. Ó kú níwájú Ìyá Eléédú, ó kú níwájú ṣọ́ọ̀bù Akínọlá ajórin, gbogbo ibi tó yẹ kó ti gbé mi níyì ló ti kú. Ó sì wúwo, Àjíbíkẹ́. Tó bá ti kú, bí ẹni ń wa ọlọ ni."

"Ṣé ẹ tẹ bírékì ni?"

"Bírékì kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi bírékì ṣe? Mo kàn ń kí èèyàn ni."

Bàbá ò parọ́ rí láyé rẹ̀, Rasheedah sì gbà á gbọ́. Á jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló lẹ́bi nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta ọ̀ràn náà tún rí bẹ́ẹ̀, Alhaji Uthman tún wo aago ọwọ́, ó mi orí. Rasheedah gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Mòwé. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ àwọn oníbàárà lójú, ó tú gbogbo ẹnu wáyà, ó fi mítà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná ń kọjá. Ó mì í, ó gbọ̀n ọ́n, iná ń kọjá. Ó ń bínú sí ara rẹ̀. Iná òpópónà odidi àdúgbò ò kọ̀ fún un rí, ti bàbá tó bí i ló wá kọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ náà padà sí Ìbàfò fúnra rẹ̀ láti dán an wò. Ọjọ́ tí àwọn Kristẹni ń lọ fún àìsùn àdúrà ní Káńpù ni, títì ti dí pa, ọkọ̀ ò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Rasheedah gba etí títì kọjá lára wọn, ẹ́ńjìnnì ń kùn, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń yọ orí lójú fèrèsé wò ó.

"Ó dáa," ló wí fún Bàbá nígbà tó dé. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe é."

"Ó dáa fún ẹ," ni Bàbá dáhùn.

Hàfísátù tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá sí i. "Ti Àsùbáà ìdájí kì í kú o. Kẹ́ ẹ wá gbọ́ tèmi. Kó tiẹ̀ tó di pé ẹ́ńjìnnì dé, bí orúnkún ẹ̀ wú bí ọ̀pọ̀lọ́, kì í pẹ́ fún Àsùbáà. Ọ̀sán ló máa ń pẹ́."

Tí Rasheedah bá fara balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn ni, ọ̀ràn ì bá parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wáyà bá ti gba orí rẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ míì. Ohun tó gbọ́ ni pé oòrùn ọ̀sán ló ń mú bátìrì gbóná jù. Ó wá aṣọ funfun kan, ó dì í mọ́ bátìrì náà tinútinú, kẹ̀kẹ́ arúgbó wá ń dán bí ìyàwó tuntun.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí Àìlà ń sún mọ́lé, ó ní òun máa fẹsẹ̀ tẹ̀ lé Bàbá lẹ́yìn.

Bàbá jáde, ẹ́ńjìnnì ń kùn dáadáa. Kò tíì pẹ́ rárá tó fi dé iwájú Sùwéébátù, ìyá tó ń ta èédú, tó ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí. Rasheedah la ojú sílẹ̀. Bí Bàbá ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀, ìka rẹ̀ méjì ká sórí bírékì, wọ́ọ́rọ́wọ́, láì fún un. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Bàbá tẹ orí ba lórí kẹ̀kẹ́. "Ẹ kú ọ̀sán o, Ìyá Eléédú. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ó ń bẹ lára mi, Bùrẹ́ímọ̀. Rọra o."

Ìka kúrò lórí bírékì, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún tó ń ro ó wa pẹ́dà, ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jí ni ó bá dé iwájú Muslimah aránṣọ tó gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀. Ìka méjì yẹn tún ká. "Ẹ kú ìtọ́jú o. Ṣé ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?" Ẹ́ńjìnnì kú. Ó dé ọ̀dọ̀ Akínọlá tó ń jó irin, ẹni tó ń yán láti àárọ̀. "Akínọlá, ẹ kú àìsùn Káńpù o. Ẹ kú iṣẹ́." Ẹ́ńjìnnì kú. Akínọlá na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ ìjórin tirẹ̀ náà, ó sì ké sí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́: "Ó yá o, Bàbá ti kọjá. Ẹ lọ kírun." Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ, láti ilé dé ilé, títí dé ilé Alhaji Uthman tó kángun sí mọ́sáláṣí.

Rasheedah jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbẹ́ǹṣì, ó rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Gbogbo wáyà tó tú. Gbogbo mítà tó fi wọ̀n ọ́n. Aṣọ funfun!

"Baami, ìka yín wà lórí bírékì," ló wí nígbà tí wọ́n padà dé ilé.

"Ìka mi níbo?"

"Lórí bírékì. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ń kí èèyàn. Ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Ìyẹn kọ́ ni bírékì," ló wí nígbẹ̀yìn. "Bírékì ni kéèyàn fẹ́ dúró. Èmi ò dúró. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo rí wọn ni. Ṣé máa wá sáré kọjá lára ẹni tó jù mí lọ?"

Rasheedah wo bírékì náà. Bírékì àtijọ́, téèyàn bá fìka kàn án, kì í ṣe nǹkan kan. Tuntun yìí ló gbọ́n jù. Ó mú spánà, ó tú ẹnu wáyà iná tó lọ sínú bírékì náà, ó dì í pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bírékì ṣì lè mú táyà dúró, ṣùgbọ́n kò ní lè pa ẹ́ńjìnnì mọ́. Ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀ síbẹ̀, torí ọ̀la ni Àìkú. Ó kúnlẹ̀.

"Baami, mo bẹ̀ yín. Ọ̀la nìkan. Ẹ má kí ẹnikẹ́ni. Ẹ má wo ọ̀tún, ẹ má wo òsì. Ẹ sáà máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ti dé lásìkò lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín."

Bàbá wò ó bí ẹni pé ó ní kí òun wọ bàtà wọ mọ́sáláṣí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó nu ẹrẹ̀ gírísì tó wà létí ọmọ rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Nítorí iṣẹ́ tó o ṣe."

Lọ́jọ́ Àìkú, Rasheedah ti dúró sẹ́nu géètì mọ́sáláṣí kí àsìkò tó tó. Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì kó tó rí kẹ̀kẹ́. Kò dákẹ́ níbì kankan, hùn-ùn-ùn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá yọ, ojú rẹ̀ le, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wọlé. Bó ṣe yẹ kó rí lórí aago gẹ́lẹ́ ló pe ìrun, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde, ó bo gbogbo àdúgbò. Rasheedah fò sókè níbi tó wà. Ó ti borí!

Lèmọ́mù jáde láti yàrá rẹ̀ lẹ́yìn mọ́sáláṣí, ó ní kú iṣẹ́ fún Bàbá. Àwọn méjèèjì jókòó. Wọ́n ń retí. Rasheedah náà ń wo ojú ọ̀nà, kò rí ẹnikẹ́ni. Ẹní lásán ni gbogbo mọ́sáláṣí, kò sí ẹsẹ̀ èèyàn kan lórí rẹ̀. Alhaji Uthman gan-an, tí ilé rẹ̀ kò ju kéèyàn pè é kó gbọ́ lọ, kò yọjú. Bàbá wo Lèmọ́mù, Lèmọ́mù wo Bàbá.

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ẹnì kan tó dé. Sùwéébátù ni, ó ń tiro bọ̀, ike àlùwàlá lọ́wọ́, ìbínú lójú.

"Bùrẹ́ímọ̀! Ìwọ lo ré kọjá fìì bí olè yẹn? Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ má bínú, Ìyá Eléédú. Ṣé ẹ ò gbọ́ ìpèrun ni?"

"Mo gbọ́ ohùn kan. Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n láwọn fẹ́ rà yẹn ni wọ́n ń dán wò, mo ní kò kàn mí. Ìwọ ò ṣáà tíì kọjá."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yọ lẹ́yọ, omi àlùwàlá ń kán lára wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn. Bàbá ò tíì kọjá. Àwọn ti ń retí Bàbá. Ẹnì kan ní òun rò pé ara Bàbá ò yá, òun ti yà sílé wọn lọ wò ó, Hàfísátù ló lé òun jáde pé kóun lọ kírun.

Ẹni tó dé kẹ́yìn pátápátá ni Alhaji Uthman. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìbọ̀sẹ̀ kan ló wọ̀, èkejì wà lọ́wọ́.

"Bàbá Ládàánì!" ló ké. "Ìgbà wo lẹ dé ibí? Ẹ ò kọjá níwájú ilé mi! Ìgbà tí mo bá ti gbọ́ yín tẹ́ ẹ ń kí ìyàwó mi ni mo máa ń dìde ṣe àlùwàlá. Ìgbà tí mo bá ṣe tán, tí mo jáde, máa tún wo ẹ̀yìn yín lọ́ọ̀ọ́kán, máa wá wo aago…"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo gbogbo àwọn tó ń wò ó. Lèmọ́mù, àgbàlagbà tí kì í tètè rẹ́rìn-ín, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo mọ́sáláṣí bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alhaji náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nu ojú. Ìrun ọjọ́ náà ló pẹ́ jù látìgbà tí wọ́n ti kọ́ mọ́sáláṣí, sáàfù sì kún dé ẹnu ọ̀nà.

Ìpàdé tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe kò gba àkókò. Alhaji Uthman ní kí wọ́n fi owó aago tún ẹnu ẹ̀rọ omi àlùwàlá ṣe, torí ó ń jò. Ó ní tí Bàbá bá ń pẹ́, á jẹ́ pé gbogbo àwọn ló jọ ń pẹ́, kí àwọn tètè máa jáde kí i lọ́nà ló kù. Lèmọ́mù ní àmín.

Bàbá jáde bá Rasheedah lẹ́nu géètì. Kò sọ pé ṣebí mo sọ fún ẹ. Ó kàn fọwọ́ lé ìjókòó kẹ̀kẹ́.

"Àjíbíkẹ́, wáyà tó o tú yẹn dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Baami."

"Bá mi so ó padà. Ó ti mọ bó ṣe yẹ kó dákẹ́, èmi ni mi ò mọ̀."

Ibẹ̀ náà ló kúnlẹ̀ sí, lórí iyanrìn, ó wá ẹnu wáyà náà, ó fi ọfà kojú ọfà, ó tì í wọlé. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́kọ́jọ́ lọ.

Ó yẹ kó padà sí Mòwé nírọ̀lẹ́ yẹn, iṣẹ́ ń dúró dè é. Kò lọ. Nígbà tí Alásàrí ń sún mọ́lé, ó lọ jókòó ti Sùwéébátù lórí bẹ́ǹṣì, láàárín àpò èédú. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti kírun kẹ́yìn ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn. Ó máa ń sọ pé iṣẹ́ ni, pé ọ̀nà ló jìn.

Ẹ́ńjìnnì dún láti ọ̀nà ilé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún jí. Ó dákẹ́, ó jí. Rasheedah lè mọ ilé ẹni tí Bàbá wà láì yọjú. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ yọ níkòríta, ìka méjì yẹn ká, ẹ́ńjìnnì kú pátápátá níwájú wọn. Bàbá tẹ orí ba fún Sùwéébátù, ó kí i, ó béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, bí ẹni tí kò tíì rí i látàárọ̀, bí ẹni pé òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé òpópónà náà.

"Rasheedah, o kú ìjókòó o," ló wí. "Mo rí ọ."

Ó wa pẹ́dà, ẹ́ńjìnnì jí, ó ń lọ. Rasheedah dìde, ó gba ike omi lọ́wọ́ Sùwéébátù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àlùwàlá.